Ohùn Orson Welles Lẹ́nu Eku: Bí Àwọn Fíìmù Àtijọ́ Ṣe Ń Gbé Inú Kàtúùnù

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, ètò kàtúùnù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Animaniacs bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lára àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ni eku méjì tí wọ́n ń sìn nínú àgò onírin ní yàrá ìwádìí kan. Pinky ga, ó tínrín, ọpọlọ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ pé. Brain ní tirẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, kò sì sí alẹ́ kan tí kì í pète bí yóò ṣe gba ìjọba ayé. Kò rí i gbà rí. Àwọn ọmọdé tí ń wò ó máa ń fi ìjákulẹ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí bàbá tàbí ìyá wọn bá ń kọjá lọ ní pálọ̀, tí ó sì gbọ́ bí eku náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun mìíràn ni yóò pa á lẹ́rìn-ín. Ohùn náà wúwo, kì í kánjú, ó ń yí gbólóhùn ká ẹnu bí ẹni tí ń tọ́ ọtí olówó gọbọi wò. Ohùn Orson Welles ni, òṣèré àti olùdarí fíìmù tí ó ti kú láti oṣù kẹwàá ọdún 1985.

Ẹni tí ń fọ ohùn náà ni Maurice LaMarche, ọmọ ìlú Toronto ní Kánádà, tí wọ́n bí ní ọdún 1958. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń jẹun lórí tẹlifíṣàn láì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ohùn rẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Apá kan gbòógì nínú iṣẹ́ náà ni sísín Welles jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn oníkàtúùnù fi ń tọ́ka sí fíìmù àtijọ́ ní gbogbo ìgbà, àti ohun tí ó ń náni, ìtàn eku yìí àti ti ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ fún un ni ó yẹ kí ó gbọ́.

Ìlú Kenosha ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n ti bí Welles ní ọdún 1915. Ọmọ ọdún 23 péré ni ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1938, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ṣe eré orí rédíò kan ní ilé-iṣẹ́ CBS. Inú ìwé The War of the Worlds, ìtàn àròsọ tí H. G. Wells ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1898, ni wọ́n ti fa eré náà yọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n gbé e kalẹ̀ bí ìròyìn pàjáwìrì. Orin yóò máa lọ lọ́wọ́, wọn yóò já a lójijì, akọ̀ròyìn yóò sì ké gbàjarè pé àwọn ẹ̀dá kan láti Mars ti balẹ̀ sí oko kan ní New Jersey. Àwọn kan tí kò bá ètò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbà á gbọ́, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Àwọn ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ní gbogbo ìlú ni ó dàrú; àwọn onímọ̀ ìtàn òde òní ní àsọdùn pọ̀ nínú ìyẹn. Bí ó ti wù kí ó rí, láàárín òru ọjọ́ kan, gbogbo Amẹ́ríkà mọ ohùn Welles.

Ohùn yìí ni ó gbé e dé Hollywood. Ní ọdún 1941, kí ó tó pé ọmọ ọdún 26, ó gbé Citizen Kane jáde. Òun ni ó darí rẹ̀, òun ni ó ṣe olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀, òun àti Herman J. Mankiewicz ni wọ́n sì jọ kọ ọ́. Ìtàn olówó kan ni, oníléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí ó ń kú lọ nínú ilé ńlá bí ààfin. Ó di bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré kan mú, èyí tí yìnyín ń já bọ́ nínú rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Rosebud. Gíláàsì náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́. Gbogbo fíìmù náà ni akọ̀ròyìn kan fi ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì rí i. Òǹwòran nìkan ni ó rí i ní ìparí: orúkọ tí wọ́n kọ sára pákó tí Kane fi ń yọ̀ lórí yìnyín ní kékeré ni, ní ọjọ́ tí wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. William Randolph Hearst, tí í ṣe oníléeṣẹ́ ìwé ìròyìn gidi, rí ara rẹ̀ nínú Kane, ó sì pàṣẹ pé kí ìwé ìròyìn rẹ̀ kankan má ṣe dárúkọ fíìmù náà. Owó tí ó yẹ kí ó pa kò wọlé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1962 títí dé ọdún 2002, òun ni ó ń ṣe ipò kìíní ní gbogbo ìgbà tí ìwé àtìgbàdégbà Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá bi àwọn lámèyítọ́ fíìmù léèrè èyí tí ó dára jù lọ.

Kì í ṣe àwọn oníkàtúùnù òde òní ni ó bẹ̀rẹ̀ títọ́ka sí fíìmù. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, ilé sinimá ni wọ́n ti ń wo kàtúùnù, kí fíìmù gidi tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan náà tí ó sanwó láti wo Clark Gable ni ó ń wo Bugs Bunny. Nígbà tí ehoro yẹn bá fẹ̀yìn ti nǹkan, tí ó ń jẹ kárọ́ọ̀tì tí ó sì ń fi ẹnu tí kò ṣófo sọ̀rọ̀, àwọn òǹwòran rántí Gable nínú It Happened One Night, fíìmù ọdún 1934, níbi tí òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ti yé wọn. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni tẹlifíṣàn. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ta àwọn kàtúùnù àtijọ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, wọ́n sì di ti àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ tí kò rí Gable rí, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ehoro tí ń jẹ kárọ́ọ̀tì. Láti ìgbà náà ni àwòkọ ti ń ṣíwájú ojúlówó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ tí ó ti gbọ́ Brain láti kékeré, bí ó bá dàgbà tí ó wá wo Citizen Kane, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọkùnrin yìí mà ń sọ̀rọ̀ bí eku. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá dùn kò lóye bí nǹkan ṣe rí: láìsí eku náà, bóyá ọmọ náà kì bá tí jókòó ti fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí ó pẹ́ tó wákàtí méjì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1993 kan náà, The Simpsons fi hàn bí a ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n sọ apá kan ní Rosebud gan-an. Ọ̀gbẹ́ni Burns, arúgbó olówó tí kò láàánú, ló ṣe Kane. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó fi àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ gbé lọ́dọ̀ olówó kan tí kò ní ìfẹ́ lọ́kàn, ó sì gbàgbé bèbí onírun rẹ̀, Bobo, sínú yìnyín. Bọ́ọ̀lù gíláàsì ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí ibùsùn ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé Burns tilẹ̀ ń yan bí àwọn ẹ̀ṣọ́ àjẹ́ inú The Wizard of Oz, fíìmù ọdún 1939. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ọ́ kò dúró síbi àwòkọ. Kane kú láì rí ohun tí ó ń wá. Burns rí i, ó wà lọ́wọ́ Maggie, ọmọ ọwọ́ ilé Simpson. Gbogbo owó rẹ̀ kò rà á. Ó fẹ́ fi agbára já a gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, kò lè já a gbà. Ìgbà tí ó sọ̀rètí nù ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi bèbí náà fún un. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Welles rí yóò rí ìtàn arúgbó kan àti ọmọ kan, yóò sì dùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó mọ Kane yóò rí i pé wọ́n bi fíìmù náà ní ìbéèrè kan: bí wọ́n bá ti dá pákó yẹn padà fún Kane ńkọ́?

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àgídìgbó tí kò dùn létí ẹni tí kò mọ òwe, ariwo lásán ni. Ọ̀pọ̀ kàtúùnù tí ó wá lẹ́yìn The Simpsons ni ó gbàgbé èyí, tí wọ́n kàn ń to orúkọ fíìmù jọ bí ẹni ń ka ìwé ìpè.

LaMarche kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò wà lẹ́yìn aṣọ. Aláwàdà orí ìtàgé ni, tí ń sín àwọn olókìkí jẹ níwájú èrò, ó sì hàn nínú ètò àwọn ọ̀dọ́ aláwàdà lórí HBO ní ọdún 1985. Iṣẹ́ kàtúùnù ni ó gba gbogbo ìgbà rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ fíìmù Ghostbusters ọdún 1984 di kàtúùnù orí tẹlifíṣàn, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá dánwò pé kí wọ́n má ṣe sín àwọn òṣèré inú fíìmù náà jẹ. LaMarche kọ etí ikún sí wọn, ó fọ ohùn Harold Ramis, ó sì gba iṣẹ́ Egon Spengler. Ó wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1986 dé ọdún 1991.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n máa ń ya kàtúùnù tán kí òṣèré tó wá sọ̀rọ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ni ó wọ́pọ̀. Ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà sílẹ̀. Òṣèré yóò dúró níwájú gbohùngbohùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, yóò sọ gbólóhùn kan ní ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún, olùdarí yóò sì mú èyí tí ó bá wù ú. Àwọn ayàwòrán ni yóò wá máa gbọ́ ohùn náà, tí wọn yóò máa ya ẹnu, ojú àti ọwọ́ láti bá a mu fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tí ohùn fi ń tún ẹ̀dá inú kàtúùnù dá. Àwọn ayàwòrán méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Warner, Eddie Fitzgerald àti Tom Minton, ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe Pinky àti Brain. Ti Welles kò sí níbẹ̀. LaMarche ni ó wo àwòrán eku olórí ńlá náà, tí ó sì rí Welles nínú rẹ̀. Ó fi ohùn Vincent Price, òṣèré fíìmù ẹ̀rù, lù ú díẹ̀. Bí ó ti sọ̀rọ̀ báyìí tán, eku náà di ọba tí kò ní ìlú.

Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kọ ìtàn ti ń kọ ọ́ fún ohùn náà. Nínú apá kan, Brain fẹ́ ṣe bí Welles ti ṣe ní ọdún 1938: ó gbé ìròyìn èké jáde pé àwọn ẹ̀dá láti ojú ọ̀run ti dé, kí ẹ̀rù lè ba aráyé. Aráyé rò pé àwàdà ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí eku méjèèjì gba ètò tiwọn ní ọdún 1995, wọ́n fi apá kan ṣe àwàdà lórí The Third Man, fíìmù ọdún 1949 tí Carol Reed darí, níbi tí Welles ti ṣe Harry Lime, oníṣòwò òògùn ayédèrú ní ìlú Vienna.

Èyí tí ó lágbára jù, tí ó sì le jù láti ṣàlàyé, ni ti green peas. Ní nǹkan bí ọdún 1970, Welles wà ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan ní London, níbi tí ó ti ń ka ìpolówó oúnjẹ inú yìnyín. Àwọn tí ń darí rẹ̀ ní kí ó ka gbólóhùn kan báyìí, ó ní kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bá a jiyàn, ó fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára, ó sì bínú jáde níkẹyìn. Ẹ̀rọ kò dákẹ́ ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn oníṣẹ́ ohùn ń ṣe àdàkọ téèpù náà fún ara wọn káàkiri. LaMarche mọ̀ ọ́n lórí. A máa kà á nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ni àwọn òǹkọ̀wé Animaniacs bá yọ èébú inú rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Brain fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ó ti rí, Pinky sì ni ó ń darí rẹ̀. Ètò àwọn ọmọdé ni o! Kò sí ọmọ ọdún méje kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ó lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Owó ńlá ni wọ́n ná láti fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣé wọ́n ń bu ọlá fún ọkùnrin náà ni, àbí wọ́n ń fi ìtìjú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́? Welles kò fi ayọ̀ ka ìpolówó. Hollywood kò fún un lówó mọ́, nítorí náà ni ó fi ń ta ohùn rẹ̀, ó polówó wáìnì, ó polówó oúnjẹ, ó sì ń kó owó náà sínú àwọn fíìmù tirẹ̀ tí kò parí. The Other Side of the Wind, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ọdún 1970, kò jáde títí ó fi kú. Ọdún 2018 ni àwọn mìíràn tó parí rẹ̀, tí Netflix sì gbé e jáde. Ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1985, iṣẹ́ tí ó ṣe ni ohùn Unicron, ẹ̀rọ ńlá tí ń jẹ odindi ayé, nínú fíìmù kàtúùnù The Transformers tí ó jáde ní ọdún 1986. Ẹni tí ó ṣe Citizen Kane fi kàtúùnù parí iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, Brain tí ń bá Pinky jà lórí gbólóhùn kan kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Olóye tí ayé kò fún ní ohun tí ó tọ́ sí i ni Brain, tí ó ń dìde lálaalẹ́ láti tún gbìyànjú. Welles náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú The Critic, kàtúùnù àárín àwọn ọdún 1990 níbi tí LaMarche tún ti fọ ohùn Welles tí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti polówó ẹja, àwàdà náà korò, kò sì ní àánú nínú. Ti Brain ní àánú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì wà lọ́wọ́ òṣèré ju ọwọ́ òǹkọ̀wé lọ: LaMarche fi àárẹ̀ sínú ohùn eku náà, ó sì tún fi ìgbéraga tí kò kú sí i.

Ohùn yìí gbé e dé ibi tí ojú rẹ̀ kò lè dé. Ní ọdún 1994, Tim Burton ṣe fíìmù Ed Wood. Vincent D'Onofrio ni a rí gẹ́gẹ́ bí Welles nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn LaMarche ni ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. D'Onofrio fúnra rẹ̀ padà ṣe fíìmù kúkúrú kan ní ọdún 2005, tí ó fi ohùn ara rẹ̀ ṣe Welles. Ní ọdún 2006, The Simpsons fi òru ọdún 1938 ṣe eré, LaMarche ni wọ́n pè. Nígbà tí Futurama, iṣẹ́ Matt Groening tí ó dá The Simpsons sílẹ̀, gbé orí Welles sínú ìgò ní ọdún 2010 kí ó lè tún ìròyìn àwọn ará Mars ṣe, òun náà ni. Apá yìí ni ó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún LaMarche ní ọdún 2011, fún Lrrr ọba àwọn àjèjì àti fún Welles. Ó tún gba òmíràn ní ọdún 2012. Bí ará ọ̀run inú ẹ̀kú ni òṣèré ohùn rí: gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀, wọn kì í béèrè ẹni tí ó wà nínú aṣọ.

Òfin Amẹ́ríkà fi àyè gba irú eré bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1994, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sọ pé fífi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀ lè jẹ́ lílò tí ó tọ́, bí owó tilẹ̀ wọlé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpolówó yàtọ̀. Nígbà tí akọrin Bette Midler kọ̀ láti kọrin polówó mọ́tò Ford, àwọn olùpolówó gba ẹlòmíràn tí ó sín ohùn rẹ̀ jẹ. Midler pe ẹjọ́. Ní ọdún 1988, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre pé ohùn olókìkí kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn lè jí tà, wọ́n sì padà san 400,000 dọ́là fún un.

Òfin ìgbà náà kò ro ti ẹ̀rọ mọ́ ọn. Lónìí, kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ohùn ẹnì kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì máa fi sọ ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sí i, yálà olóhùn ti kú tàbí ó wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà, SAG-AFTRA, tìtorí rẹ̀ yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 118 ní ọdún 2023. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ òṣèré, kí wọ́n sì sanwó fún un, kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn òṣèré ohùn inú géèmù kọ̀ǹpútà tún yanṣẹ́ lódì nítorí ohun kan náà ní oṣù keje ọdún 2024. Ọdún 2025 ni ó tó parí. Àwọn tí ojú wọn kò hàn ni ẹ̀rọ yìí lè tètè lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ lè fọ ohùn Welles; kò dájú pé yóò wo àwòrán eku, kí ó sì ro ti Welles.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Hulu gbé Animaniacs tuntun jáde, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2023. Wọ́n tún ọ̀pọ̀ nǹkan yà. LaMarche, tí ó ti di ẹni ọdún 62, ni wọ́n pè fún Brain, wọ́n sì pe Rob Paulsen fún Pinky bí ti àtẹ̀yìnwá. Eku náà dìde ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ó la ẹnu, ohùn ọdún 1938 ni ó sì jáde.